Màmá, Òkè Yìí Kì í Ṣe Òkè Ìdànrè

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìfaradà ọdún tó le yìí. Mo kí yín lórí ìdọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ibi tí mo wà yìí tutù débi pé ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ lé e pẹ́, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi omi gbígbóná gbé e dìde. Mo kí Àǹtí Yẹ́misí, ẹ̀gbọ́n mi, olùkọ́ tí owó oṣù wọn ń wá ní ààbọ̀-ààbọ̀ tí wọn ò sì yé jí lọ síléèwé ní Àkúrẹ́. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, pẹ̀lú oko wọn ní Ìjù. Mo kí bàbá wa níbi tí wọ́n sùn sí lẹ́yìn ilé ní Òkè Lísà. Mo kí gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa ní Oǹdó, mo sì kí Bàbá Àlùfáà tó ń ka orúkọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọ̀rọ̀ orúkọ kíkà yẹn ṣì ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àga sún mọ́ Màmá kí ẹ tó máa kà á lọ. Ẹ má fo ibì kankan. Mo mọ̀ yín dáadáa, ibi tó bá korò ni ẹ máa fẹ́ fò, ẹ ó ní nẹ́tíwọọ̀kì ló gé e. Fọ́tò ìwé ni mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, kò sí nẹ́tíwọọ̀kì tó lè gé e. Ohun tí mo bá kọ ni kí ẹ kà.

Ẹ̀dà lẹ́tà yìí kan wà lọ́dọ̀ àwọn oníwèé ìròyìn. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ jáde títí Màmá yóò fi kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bàbá Kékeré máa bínú, wọ́n á ní kí ló dé tí mò ń tú àṣírí ilé sójú títì. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Láàárín oṣù kan péré, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ló ti pè mí, ọ̀kan láti Ọ̀bà-Ilé, méjì láti Ìjàrè. Wọ́n ní ẹnì kan ló fún àwọn ní nọ́ńbà mi, pé èmi ni mo mọ ọ̀nà òkè. Èmi! Ẹ gbà mí o. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n bá àwọn yẹn sọ wà nínú ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n ti bá yín sọ láti ọdún méjì sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí mo fi pa á pọ̀ sójú kan.

Abúlé tí mo wà báyìí wà ní ìpẹ̀kun Ítálì, níbi tí òkè ti dí ojú ọ̀run pa. Lẹ́yìn òkè yẹn ni Faransé wà. Ilé onípákó kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni àwọn tó ń gun òkè máa ń sùn kí wọ́n tó gbéra. Èmi ni mò ń fọ abọ́, èmi ni mò ń la igi, èmi ni mò ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Màmá, ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń lé mi kiri àgbàlá nítorí àwo tí mi ò fọ̀? Ọlọ́run ti gbọ́ tiyín. Mò ń fọ àwo báyìí títí èékánná mi fi ń bó.

Òtútù ibí kì í ṣe irú ti ọyẹ́. Ọyẹ́ á la ètè wa, a ó fi òrí pa á, ọ̀rọ̀ bùṣe. Tibí máa ń wọ inú eegun, á jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kóun dìde. Kò sì sí ẹni tí mo lè ráhùn sí. Gbogbo Yorùbá tí mò ń sọ lójúmọ́ kò ju èyí tí mò ń bá ìkòkò sọ lọ. Bí mo bá sín, kò sí ẹni tó máa ní pẹ̀lẹ́. Ní ti owó, wọ́n ń san án, mi ò ní purọ́, àmọ́ ilé àti oúnjẹ àti ìwé ìgbélùú ló ń jẹ ẹ́, ohun tó bá ṣẹ́kù ni mò ń fi ránṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé mò ń kó owó pamọ́ síbì kan o.

Ẹ ti ń bi mí láti Àjíǹde pé kí ló dé tí mi ò kúrò nínú òtútù yìí, kí n padà sí gúúsù tí mo ti ń já tòmátì tẹ́lẹ̀, níbi tí oòrùn tiẹ̀ ń ràn. Mo máa ń fi ẹ̀rín bò ó. Màmá, mi ò kúrò nítorí pé Lolú wà lókè yìí.

Ó ti pé ọdún méjì tí Akínlolú, àbíkẹ́yìn yín, gbéra ní ẹsẹ̀ òkè yìí láti fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Faransé, a kò sì gbóhùn rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ní kò kú. Ẹ ní ojú yín kò rí òkú, pé bóyá wọ́n tì í mọ́lé níbì kan ní Faransé, pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí á pè. Nígbà tí ẹgbẹ́ ìyá wá bá yín kẹ́dùn, ẹ dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní ta ló kú? Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ẹ sì ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àdúrà fún àwọn tó wà lójú ìrìn-àjò, tí Bàbá Àlùfáà á sì kà á sókè: Olúbánjí, Akínlolú. Èmi àti òun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, láti ọdún méjì. Àǹtí ló sọ fún mi.

Lóṣù tó kọjá, òyìnbó méjì sọ̀kalẹ̀ láti òkè. Ooru ọdún yìí pọ̀, yìnyín tó ti wà níbẹ̀ látayébáyé yọ́ ju bó ṣe máa ń yọ́ lọ. Wọ́n ní àwọn dúró sí etí ọ̀gbun kan, lọ́nà jíjìn sí ibi tí èèyàn ń gbà, àwọn sì rí nǹkan kan nísàlẹ̀, àwọn fi kámẹ́rà fà á súnmọ́, àwọn ya fọ́tò rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìsùn wò ó, ó gbé e wá fún mi ní kíṣíìnì, torí èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú tó wà níbẹ̀, ó sì mọ ohun tí mo wá ṣe lábúlé wọn.

Báàgì dúdú kan ni, àti fìlà. Fìlà funfun tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ aláwọ̀ elésè àlùkò sí níwájú. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣí, òyìnbó ò lè kà á, ṣùgbọ́n èmi ò nílò kí n kà á. Irú rẹ̀ wà nínú àpótí mi. Fìlà Gálílì ni, èyí tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa ṣe fún Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ní ọdún tí gbogbo wa jọ gun Òkè Ìdànrè kẹ́yìn kí n tó kúrò nílé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣíìnì, omi ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ mi, mo sunkún bí ọmọdé.

Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́. Àǹtí ní ẹ wò ó, ẹ dá fóònù padà fún àwọn, ẹ ní fìlà pọ̀ láyé. Ẹ tún ní kí wọ́n kìlọ̀ fún mi kí n má lọ wá òkú ẹni tó wà láàyè.

Màmá, mo máa lọ. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni.

Àwọn tó ń ṣọ́ òkè níbí ní àwọn ò lè fi ẹ̀mí èèyàn wewu torí báàgì àti fìlà, pé òkúta ń já bọ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Mi ò bá wọn jà. Bàbá arúgbó kan ni mo lọ bá, Píẹ́tírò ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó ṣì lágbára, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mú èèyàn gun òkè, bí awakọ̀ ṣe ń gbé èrò. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, orúnkún ń dùn ún. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ilé rẹ̀, mo gbàgbé pé kì í ṣe Oǹdó ni mo wà. Ó bínú! Ó ní kí ni mò ń wá nílẹ̀, kí n dìde kíá. Nígbà tí mo rojọ́ mi tán, kò wo ojú mi, ẹsẹ̀ mi ló ń wò. Ó béèrè nọ́ńbà bàtà mi. Bó ṣe gbà nìyẹn.

Láti ìgbà náà la ti ń múra. Ẹ ò mọ̀ pé èèyàn ń kọ́ ìrìn bí ọmọ ọdún kan? Àràárọ̀ ni mò ń di òkúta sínú báàgì, tí mò ń gbé e gun òkè inú igbó ẹ̀yìn ilé ìsùn, títí ọ̀gá mi fi béèrè bóyá ilé ni mo fẹ́ fi òkúta yẹn kọ́. Píẹ́tírò ní mò ń sáré jù. Ó ní èrò tó bá sáré lókè kì í débì kankan, kí n máa gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ru òkú. Kò mọ ohun tó sọ. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń de irin eléyín mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà kí ẹsẹ̀ má yọ̀ lórí yìnyín, àti bí wọ́n ṣe ń gún àáké kékeré mọ́ yìnyín bí èèyàn bá ń yọ̀ lọ. Okùn kan wà tó máa so èmi àti òun pọ̀ ní ìbàdí. Bí ọ̀kan bá ṣubú, èkejì á dá a dúró, tàbí kí àwọn méjèèjì jọ lọ. Mo di okùn náà mú pẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lolú kò ní okùn.

Ọjọ́ mẹ́ta la máa lò ní lílọ. Ọjọ́ kìíní, inú igbó. Ọjọ́ kejì, a ó sùn sí àgọ́ onípáànù kan tí kò sí ẹ̀dá alààyè kankan nítòsí rẹ̀, kò sí fóònù, kò sí ọ̀nà, kò sí ẹran ọ̀sìn pàápàá. Ọjọ́ kẹta ni ọ̀gbun náà. A gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ kí oòrùn tó ta yìnyín, torí ìgbà tí yìnyín bá ń yọ́ ni òkúta ń já. Bí a bá pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ, yìnyín tuntun á ti bo ohun gbogbo, a ó di ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó ń bọ̀, bóyá fìlà náà ò sì ní sí níbẹ̀ mọ́. Ó ní kí n búra pé bí òun bá ní ká padà, màá padà, kódà kí ó jẹ́ pé mo ti ń rí fìlà náà lọ́wọ́ọ́kán. Mo fi orúkọ bàbá wa búra.

Ohun kan wà tó sọ lórí máàpù tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ó tẹ́ máàpù sórí tábìlì, ó fi ìka tọ́ ibi tí òkè méjì ti fi àyè kékeré sílẹ̀ láàárín, ó ní ibẹ̀ ni ọ̀nà Faransé. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ré òkè kọjá kì í wá ibi tó ga, ibi tó rẹlẹ̀ jù láàárín òkè ló máa ń wá. Ó ní ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ èyí lábúlé àwọn. Ó wá béèrè pé kí ni àbúrò mi ń wá kiri tó fi débi gíga bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ ni mo pa.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Gálílì. Gbogbo Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ẹ̀yin àti àwọn ìyá á ti di ìrẹsì sínú kúlà, ọkọ̀ ìjọ á kó wa láti Oǹdó, ó di Ìdànrè. Àtẹ̀gùn yẹn kì í tán. Bí ó bá rẹ̀ wá, ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, a ó jókòó, a ó mu omi, a ó máa fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Lolú kì í jókòó ní tiẹ̀. Òun ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi, òun náà ló sì ń kọ́kọ́ dókè, á dé fìlà rẹ̀ sẹ́yìn, á máa pariwo sí wa látòkè pé àgbà ti dé sí wa. Nígbà tí àtẹ̀gùn bá tán, ìlú ló kù: ìlú àtijọ́ lórí òkè, ilé, ààfin, atẹ́gùn tútù. Ohun tí àwa mọ̀ sí òkè nìyẹn. Èèyàn á gòkè títí, á bá ìlú níbẹ̀, á jẹ ìrẹsì, á sọ̀kalẹ̀.

Màmá, ibi tí mò ń bọ̀ nìyí. Àǹtí, ẹ má dúró, ẹ máa kà á lọ.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Lolú gbéra, ó pè mí; òun náà ti dé Ítálì níbí nígbà náà. Mo wà ní oko tòmátì ní gúúsù nígbà náà, mi ò tíì fojú rí òkè yìí rí, kódà nínú fọ́tò. Ó ní mo ti pẹ́ níbí, báwo ni òkè yẹn ṣe rí. Ó yẹ kí n ní mi ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni mí, ẹ̀gbọ́n tó ti lo ọdún mẹ́fà lókè òkun. Kí àbúrò mi bi mí léèrè, kí n ní mi ò mọ̀? Ojú á tì mí. Ni mo bá rẹ́rìn-ín. Mo ní òkè kí ni, ẹni tó ń sáré gun Ìdànrè. Mo ní bíi Gálílì ló máa rí, pé bó bá gbéra láàárọ̀, á ti dé kí oòrùn tó wọ̀. Mo ní bó bá rẹ̀ ẹ́, kó wá ibi ìsinmi jókòó.

Ó béèrè bóyá kóun ra bàtà gidi, torí kánfáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ òun. Mo ní kánfáàsì tó. Mo ní kó fi owó bàtà yẹn ránṣẹ́ sílé, torí ìjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí òrùlé ilé ìdáná yín ni. Páànù tó wà lórí ilé ìdáná yẹn, Màmá, bàtà Lolú ni. Ẹ̀yin kọ́ lẹ béèrè o! Ẹ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́, ẹ má gbé ẹ̀bi yẹn lé ara yín lórí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Èyí tó burú jù kọ́ nìyẹn. Ó ní báwo lòun ṣe máa mọ ọ̀nà. Mo ní kó ṣáà máa gòkè. Mo ní ibi tó bá ga jù ni ìlú wà.

Ta ló sọ fún mi pé gbogbo òkè ayé ló ní ìlú lórí? Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo kàn sọ ọ́ bí ẹni tó mọ ibẹ̀ bí ẹni mowó.

Kọ́fí, ọmọ Gánà tí òun àti Lolú jọ gbéra, wá mi rí lẹ́yìn náà. Òun ló jẹ́ kí n mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ní àwọn jọ rìn dáadáa títí àwọn fi dé ibi tí òkè ti yà sí méjì, tí àyè wà láàárín. Kọ́fí ní ipa ẹsẹ̀ èèyàn lọ sí ibi àyè yẹn, kí àwọn gba ibẹ̀. Lolú ní rárá, pé ẹ̀gbọ́n òun tó ti ń gbé nílùú òyìnbó láti ọdún mẹ́fà ní kóun máa gòkè títí dé ibi tó ga jù, ibẹ̀ ni ìlú wà. Wọ́n jiyàn. Kọ́fí bẹ̀ ẹ́, ó di apá rẹ̀ mú. Lolú ní ẹ̀gbọ́n òun kò lè tan òun jẹ. Yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í já nígbà yẹn. Ó dé fìlà rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń gòkè lọ, ó tún yíjú padà, ó juwọ́ sí Kọ́fí pé kó máa bọ̀. Kọ́fí gba ibi àyè yẹn. Ó dé Faransé kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ.

Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo bẹ Kọ́fí kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wá sọ fún yín pé ẹnì kan ló júwe ọ̀nà òkè fún Lolú, pé mi ò mọ onítọ̀hún. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ ò tíì pè mí kí ẹ má gbàdúrà lé ẹni yẹn lórí. Ẹ ó ní ẹni tó fi ọ̀nà òkè han ọmọ yín, kó má sinmi. Ẹ ó ní kí oúnjẹ máa korò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ó ní kó máa wá ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, kó má rí i. Ẹ ó wá dákẹ́, ẹ ó máa dúró de àmín mi. Màmá, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ta ni ìyá rẹ̀ ń gbàdúrà tí kò ní ṣe àmín? Mo ṣe é. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe àmín, mo sì ń ṣe é ketekete kí ẹ lè gbọ́. Ẹ bá mi wò ó, èwo ni kò ṣẹ níbẹ̀?

Èmi ni, Màmá. Èmi lẹni tí ẹ ń ṣépè fún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin tó ń pè mí, ẹ gbọ́ tiyín. Mi ò mọ ọ̀nà. Ẹ má pè mí mọ́ láti béèrè ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni tó wà lókè òkun bá ń sọ fún yín pé nǹkan rọrùn, ẹ bi í bóyá ojú rẹ̀ ló fi rí i tàbí ojú ló ń tì í. Mo mọ̀ pé nǹkan le nílé, pé ẹni tó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga ń wa ọ̀kadà ní Àkúrẹ́. Mi ò ní kí ẹ jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnu irú mi rán yín lọ sórí òkè.

Bí a bá rí i, tí ó sì ṣeé gbé, a ó gbé e sọ̀kalẹ̀. Bí kò bá ṣeé gbé, Píẹ́tírò ní a ó kó òkúta bò ó níbẹ̀, àwọn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn wọn. Màá gé irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, màá fi ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré. Bàbá Kékeré, ẹ mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Nílé wa, wọn kì í jẹ́ kí ìyá mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Màmá, ẹ má béèrè ibi tí wọ́n gbé e sí, àmọ́ ẹ ó mọ̀ pé ó ti wálé.

Píẹ́tírò gbé fọ́ọ̀mù kan wá lánàá, kí n kọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣe mí. Mo kọ orúkọ yín, mo kọ nọ́ńbà Àǹtí. Wọ́n béèrè kí lẹ jẹ́ sí mi. Mo kọ ìyá. Mo ń wò ó, mo ń bi ara mi bóyá mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní tàn yín. Kì í ṣe òkè nìkan ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé ní Òkè Lísà. Ẹ kí àwọn ọmọ Àǹtí, kí Ọlọ́run wò wọ́n dàgbà níṣojú yín. Kí Ọlọ́run fún Bàbá Kékeré lókun oko. Kí ẹ̀yin Màmá pẹ́ fún wa, kí ẹsẹ̀ tó ń dùn yín rọlẹ̀, kí ọdún tó le yìí kọjá lórí ilé wa. Bí ẹ ò bá lè ṣe àmín sí àdúrà mi lónìí, mi ò ní bínú.

Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí, kò ì tíì kan ìyẹn. Nǹkan kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀ yín fún. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, tí wọ́n bá gbé ìwé àdúrà dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ yọ orúkọ Lolú kúrò láàárín àwọn tó wà lójú ìrìn-àjò. Ìrìn tiẹ̀ ti parí, Màmá. Ẹ jẹ́ kí Bàbá Àlùfáà kà á pẹ̀lú bàbá wa, láàárín àwọn tó ti sùn, kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn fún ẹgbẹ́ ìyá kí wọ́n wọlé wá bá yín sunkún. Ní ti orúkọ tèmi, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ lè kọ ọ́, ẹ sì lè fi í sílẹ̀. Àǹtí máa wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tẹ́tí dáadáa nígbà tí wọ́n bá dé ibi àwọn tó wà lójú ìrìn-àjò, kí wọ́n sì tẹ̀ mí láago kí n tó so okùn mọ́ ìdí, kí wọ́n sọ fún mi bóyá Bàbá Àlùfáà ka orúkọ ẹnikẹ́ni láti ilé wa.

Èmi ni, bí ẹ bá ṣì gbà kí n máa jẹ́ ẹ,

ọmọ yín,

Olúbánjí.